Bí A Ṣe Ń Dá Téèpù Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Mọ̀, Tí A Sì Ń Gba Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀ Jáde

"Téèpù yìí ti ṣófo." Gbólóhùn yìí ti ba téèpù jẹ́ ju eruku àti ọ̀rinrin lọ. Wọ́n á ti téèpù bọ inú ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà á ní òun kò rí nǹkan kà, kọ̀ǹpútà á béèrè bóyá kí òun pa ojú rẹ̀ rẹ́ fún ìlò tuntun, ẹni tó jókòó tì í á sì gbà fún un. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ìwé owó oṣù, èsì ìdánwò, orúkọ ọmọ ìjọ tàbí ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ti tọ́jú láti ogún ọdún sẹ́yìn ti lọ.

Púpọ̀ nínú àwọn téèpù bẹ́ẹ̀ ni kò ṣófo rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi kà wọ́n ni kò bá wọn mu, tàbí kí wáyà má wọlé dáadáa, tàbí kí wọ́n má sọ fún kọ̀ǹpútà bí bulọ́ọ̀kù inú téèpù, ìyẹn ìdì dátà kọ̀ọ̀kan, ṣe tóbi tó. Mo kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá bá irú téèpù bẹ́ẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, tàbí lọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà. Òfin kan ṣoṣo ló gbé gbogbo iṣẹ́ yìí dúró: ẹ ka téèpù náà bíi pé kò ní gbà kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo inú rẹ̀ sórí háàdì dísìkì bó ṣe wà gan-an. Lórí ẹ̀dà yẹn ni ẹ ó ti máa wádìí ohun tó jẹ́, kì í ṣe lórí téèpù.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

- Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ní ojú ihò PCI (ibi tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀) tó ṣófo. Láptọ́ọ̀pù kò ní wúlò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ téèpù àtijọ́.
- Linux lórí kọ̀ǹpútà náà, Debian tàbí Ubuntu. Ẹ fi mt-st àti lsscsi, àwọn ètò tí a ó fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ téèpù tí a ó sì fi wá a rí, sí i kún un.
- Káàdì SCSI (ìlànà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ téèpù àtijọ́ fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀), wáyà rẹ̀, àti tẹ́mínétọ̀ tí wọ́n ń fi dé ìparí wáyà.
- Ẹ̀rọ téèpù tó bá téèpù yín mu. Ẹ má tíì rà á, ó di ìgbà tí ẹ bá parí Ìpele 1.
- Háàdì dísìkì inú kọ̀ǹpútà, èyí tí àyè rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí téèpù lè gbà, ó kéré tán.
- UPS tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú N95, aṣọ tí kì í já fọ́nrán, spírítì isopropyl tó jẹ́ 99%.
- Téèpù kan irú ti yín tí kò ní nǹkan pàtàkì nínú, fún ìdánwò.
- Ìwé àti bírò. Ẹ ó kọ nǹkan púpọ̀ sílẹ̀.
- Ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ẹni tó ni dátà náà.

Ẹ má fojú kékeré wo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Bí ó bá jẹ́ ti ilé ìwòsàn tàbí ti owó oṣù òṣìṣẹ́, orúkọ èèyàn, àìsàn èèyàn àti owó èèyàn ló wà níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 dé orí téèpù tó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ayébáyé bákan náà.

ÌPELE 1: Ẹ DÁ TÉÈPÙ NÁÀ MỌ̀

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwá, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú rúlà nínú fọ́tò náà. Ẹ da gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ sínú ìwé, títí kan èyí tí wọ́n fi bírò kọ tí kò yéni. Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí orúkọ ètò tí wọ́n lò lè jẹ́ ohun tí yóò gbà yín ní Ìpele 7.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi wé àwọn wọ̀nyí.

Róólù ńlá tí kò ní ilé, tí téèpù rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì. Èyí tó tóbi jù fẹ̀ ní íǹṣì 10.5, ó sì máa ń gba téèpù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2,400. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ 800, 1600 tàbí 6250 sí i. Iye bíìtì tó wà nínú íǹṣì kan nìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kásẹ́ẹ̀tì wúwo tó gùn ní íǹṣì 6, tó fẹ̀ ní íǹṣì 4, tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ irin. QIC nìyẹn. Ẹ ó rí DC600A, DC6150 tàbí DC6525 lára rẹ̀. DC6150 ń gba megabáìtì 150. Ẹ̀rọ ti megabáìtì 150 sábà máa ń ka ti 60 pẹ̀lú. Ó ní àbúrò kan tó wọ àtẹ́lẹwọ́, tí abẹ́ òun náà jẹ́ irin, irú bíi DC2120. Ẹ̀rọ tiwọn yàtọ̀ pátápátá.

Kásẹ́ẹ̀tì tó kéré ju ti orin lọ, tí téèpù inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4. DDS tàbí DAT nìyẹn, ìwọ̀n gígùn rẹ̀ ló sì ń sọ ìran tó jẹ́: mítà 60 àti 90 jẹ́ DDS-1, 120 jẹ́ DDS-2, 125 jẹ́ DDS-3, 150 jẹ́ DDS-4, 170 jẹ́ DAT 72. Ẹ̀rọ DDS-3 ń ka DDS-1 àti DDS-2. Ẹ̀rọ DAT 72 ń ka DDS-4 àti DDS-3, kò sì dá a lójú lórí àwọn tó ṣáájú wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ra ẹ̀rọ tuntun jù lọ tí wọ́n rí lọ́jà tòkunbọ̀, wọ́n á fi téèpù mítà 90 sí i, wọ́n á sì ní téèpù ló bàjẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì mìlímítà 8. Ó jọ ti kámẹ́rà fídíò àtijọ́ bí ìbejì, a sì máa ń bá a láàárín fídíò ìgbéyàwó. Bí ẹ bá rí 112m tàbí orúkọ Exabyte lára rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ni ín. Ẹ má ṣe ti í bọ inú kámẹ́rà láti fi dán an wò.

Kásẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó íǹṣì 4, tí róólù kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ DLTtape sí i, DLT ni. Bí wọ́n bá kọ Ultrium sí i, LTO ni. Lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn lórí ìwé onílà dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó wò fún LTO: L1 jẹ́ gígábáìtì 100, L2 jẹ́ 200, L3 jẹ́ 400, L4 jẹ́ 800, L5 jẹ́ 1,500. Láti LTO-1 dé LTO-7, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ka ìran tirẹ̀ àti méjì tó ṣáájú rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ LTO-4 á ka L2, ẹ̀rọ LTO-5 kò ní kà á.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ ìlà kan sínú ìwé tó ní irú téèpù, ìran rẹ̀, gígùn tàbí ìwọ̀n rẹ̀, àti orúkọ ẹ̀rọ méjì ó kéré tán tó lè kà á. Bí ìlà yẹn kò bá tíì pé, ẹ má nà owó lórí ẹ̀rọ. Nígbà tó bá pé, ẹ lè wá a ní Computer Village, Ìkẹjà, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú sáfà (server, kọ̀ǹpútà ńlá ọ́fíìsì) àtijọ́ tà. Ọ̀pọ̀ sáfà tí wọ́n ti kó dànù ní ẹ̀rọ DDS tàbí LTO nínú.

ÌPELE 2: Ẹ TÌ Í PA KÍ NǸKAN KAN MÁ LÈ KỌ SÍ I

Ẹ ṣe èyí kí téèpù tó sún mọ́ ẹ̀rọ kankan. Róólù ńlá ní òrùka rọ́bà lẹ́yìn. Ẹ yọ ọ́, tí kò bá ti sí òrùka, ẹ̀rọ kò lè kọ nǹkan. QIC ní nǹkan roboto kan tó ní àmì ọfà. Ẹ yí ọfà náà kọjú sí SAFE. DDS ní ìlẹ̀kùn kékeré lẹ́yìn, ẹ sún un kí ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀. DLT: ẹ sún un sápá òsì, kí àmì aláwọ̀ ọsàn hàn. LTO: ẹ sún un sí ibi àmì àgádágodo. Ti mìlímítà 8, ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá rò pé òun kò nílò èyí torí pé kíkà nìkan lòun fẹ́ kà: ìwọ̀nba ohun tí ẹ bá fi ṣèèṣì kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ DDS, DLT tàbí LTO máa ń fi àmì òpin dátà síbẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní gbà láti kọjá àmì náà mọ́. Gígábáìtì 30 lè ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ dé ibẹ̀ nílé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ojú yín ti rí i. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á tún jẹ́rìí sí i ní Ìpele 5.

ÌPELE 3: Ẹ YẸ ARA TÉÈPÙ WÒ, PÀÁPÀÁ BÍ ÓJÒ BÁ TI RÍ I

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ má fọwọ́ kan téèpù gan-an. Nǹkan mẹ́ta lẹ ń wá.

Àkọ́kọ́ ni ebu. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá kò lè má bu nǹkan. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n funfun tàbí àwọ̀ eérú létí téèpù, ẹ wọ ìbòmú, ẹ ya téèpù náà sọ́tọ̀ sínú àpò bébà, kí ẹ má sì fi sínú ẹ̀rọ títí ẹ ó fi fọ ọ́ mọ́. Téèpù kan tó ti bu á ba ojú ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ náà á sì fi ran gbogbo téèpù tó bá tẹ̀ lé e.

Ìkejì ni lílẹ̀. Àtè tó di eruku irin mọ́ ara téèpù, pàápàá nínú àwọn róólù kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1970 sí 1989, máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí á fi rọ̀. Téèpù á máa ké bó ti ń yí, á sì máa fi ẹ̀gbin dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú sí ojú ẹ̀rọ. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ń yan irú róólù bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi 50°C sí 55°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nínú ẹ̀rọ tó ń darí ooru dáadáa, wọ́n sì ń kà á láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó tún rọ̀ padà. Ẹ má fi ààrò gáàsì tàbí maikirowéfù ṣe é. Ẹ má sì sá téèpù sóòrùn bí ẹni ń sá èlùbọ́. Oòrùn wa kò dúró sójú kan, ó sì ń ká ilé kásẹ́ẹ̀tì. DDS àti mìlímítà 8 kò sí lára ohun tí à ń yan nílé.

Ìkẹta jẹ́ ti QIC nìkan: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí róólù méjèèjì. Ó máa ń já tàbí kó dẹ̀. Bí ó bá ti dẹ̀, téèpù á tú sínú ilé rẹ̀ bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹ wo ibi tí rọ́bà náà gbà. Tó bá ti já tàbí tó ti lẹ̀ mọ́ téèpù, ẹ dúró, ẹ wá rọ́bà mìíràn láti inú kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní nǹkan pàtàkì nínú.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ gbé téèpù sínú yàrá tí ẹ ó ti kà á, kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24. Bí ẹ bá mú un jáde láti yàrá tútù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù wọ ibi gbígbóná, tí ẹ sì ti í bọ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, ìrì lè sẹ̀ sí ojú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ara wa máa ń gbé iná wẹ́wẹ́ tó ń ta èèyàn. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí ẹ tó dì mọ́ káàdì tàbí wáyà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí ebu, kò sí lílẹ̀, rọ́bà le dáadáa, wákàtí 24 ti pé.

ÌPELE 4: Ẹ SO Ẹ̀RỌ TÉÈPÙ MỌ́ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ẹ kọ́kọ́ wo inú ẹ̀rọ náà. Nínú ẹ̀rọ QIC àtijọ́, rọ́bà roboto tó ń yí téèpù máa ń yọ́ di ohun tó ń fà bí oyin. Ẹ fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọ, ẹ̀rọ yẹn kò tíì yẹ fún téèpù kankan. Ẹ fi aṣọ àti spírítì nu ojú ẹ̀rọ QIC àti ti róólù ńlá. Ti DDS àti mìlímítà 8, ẹ lo kásẹ́ẹ̀tì ìfọjú tiwọn, nítorí ìlù tó ń yí nínú wọn ẹlẹgẹ́, òwú tí ẹ bá fi nù ún sókè sísàlẹ̀ lè ṣẹ́ ojú rẹ̀.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ téèpù kí ẹ tó fi wáyà SCSI sí i tàbí yọ ọ́. Nọ́ńbà ohun kọ̀ọ̀kan lórí wáyà náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Káàdì sábà ń jẹ́ 7, ẹ fún téèpù ní 4 tàbí 5. Ìkángun wáyà méjèèjì gbọ́dọ̀ ní tẹ́mínétọ̀, àárín kò gbọdọ̀ ní.

Ìkìlọ̀: àwọn ẹ̀rọ DLT kan jẹ́ irú SCSI tí iná rẹ̀ ga, wọ́n ń kọ HVD tàbí DIFF sí ẹ̀yìn wọn. Bí ẹ bá so ó mọ́ káàdì tó jẹ́ SE tàbí LVD, káàdì tàbí ẹ̀rọ náà lè jóná. Ẹnu wáyà wọn bá ara mu, kò fi hàn pé wọ́n bá ara mu.

Ẹ tan ẹ̀rọ téèpù ṣáájú, kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Kí gbogbo rẹ̀ wà lórí UPS. Bí iná bá lọ tó sì padà dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí téèpù ń yí, ẹ̀rọ lè fà á já. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú kò dára fún iṣẹ́ yìí láìsí UPS láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí:

lsscsi -g

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbọ́dọ̀ rí ìlà kan tí ọ̀rọ̀ náà tape wà nínú rẹ̀, tí /dev/st0 sì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, wáyà, nọ́ńbà tàbí tẹ́mínétọ̀ ló fà á, kì í ṣe téèpù. Nígbà tó bá hàn, ẹ fi téèpù ìdánwò yẹn sí i, ẹ kọ nǹkan sí i, ẹ kà á padà, ẹ mú un jáde, kí ẹ sì wo ara rẹ̀. Bí ó bá jáde láì ní ìlà tàbí kíká, ẹ̀rọ náà yẹ.

ÌPELE 5: Ẹ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ Ẹ̀RỌ OHUN TÓ RÍ

Ẹ wá ti téèpù gidi sí i.

sudo mt -f /dev/nst0 status

Ẹ kíyè sí lẹ́tà n tó wà nínú nst0. Bí ẹ bá lo st0, téèpù á yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa ka fáìlì kìíní ní àkàtúnkà, ẹ ó máa rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wá BOT (téèpù wà ní ìbẹ̀rẹ̀), ONLINE (ẹ̀rọ ti ṣetán) àti WR_PROT. WR_PROT ni ẹ̀rí pé kò sí ohun tó lè kọ sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ mú téèpù jáde, ẹ padà sí Ìpele 2.

Bí ẹ bá ń lo Windows, tí ètò kan sì sọ pé òun kò mọ téèpù yìí, pé kí òun tún un ṣe, ẹ sọ pé rárá ní gbogbo ìgbà. LTO ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí òòfà (mágínẹ́ẹ̀tì) ńlá: ó ní ìlà ìtọ́nà tí wọ́n ti kọ sí i láti ilé iṣẹ́, tí ìlà yẹn bá parẹ́, téèpù náà kò ní ṣeé lò láé.

ÌPELE 6: Ẹ DA GBOGBO RẸ̀ SÓRÍ DÍSÌKÌ

Ẹ ṣí fódà kan fún téèpù yìí nìkan, ẹ fún un ní nọ́ńbà, ká ní T001. Inú háàdì dísìkì kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe sórí fláàṣì tàbí gba inú Wi-Fi. Bí ibi tí ẹ ń kọ ọ́ sí bá lọ́ra ju téèpù lọ, téèpù á máa dúró, á padà sẹ́yìn, á tún sáré síwájú, léraléra. Ìlọ-síwá-sẹ́yìn yẹn ló ń họ ojú rẹ̀.

sudo mt -f /dev/nst0 rewind
sudo mt -f /dev/nst0 setblk 0
sudo dd if=/dev/nst0 of=T001-001.bin bs=256k

Odo inú setblk 0 ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó gba bulọ́ọ̀kù bó bá ṣe bá a, ì báà kéré, ì báà tóbi. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ "téèpù ṣófo" ti ń jí. QIC megabáìtì 150 lè kọ̀ ọ́. Fún òun, ẹ lo setblk 512.

dd, ètò tó ń da dátà náà sórí dísìkì, á dúró nígbà tó bá kan àmì òpin fáìlì. Téèpù kò tíì tán o. Ẹ tún tẹ ìlà kẹta náà, ẹ yí orúkọ padà sí T001-002.bin, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fáìlì tó jáde bá jẹ́ báìtì odo, ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá jẹ́ odo lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, tàbí tó bá mú àṣìṣe wá lẹ́yìn odo, ó sábà túmọ̀ sí pé téèpù ti parí.

Ẹ wo ohun tí dd kọ sójú:

0+4210 records in
43110400 bytes

Odo iwájú yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ó ń sọ pé kò sí bulọ́ọ̀kù tó kún 256k, pé 4,210 ló kéré jù bẹ́ẹ̀. Ẹ pín 43,110,400 sí 4,210, ẹ ó rí 10,240. Ìwọ̀n bulọ́ọ̀kù tar, ètò tó ń kó fáìlì púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan, gan-an nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí ibi tí bulọ́ọ̀kù kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ kò ní hàn mọ́ nínú ẹ̀dà orí dísìkì. Bí téèpù bá wá láti ara kọ̀ǹpútà ńlá àtijọ́, tí bulọ́ọ̀kù rẹ̀ kò sì dọ́gba, ó sàn kí ẹ lo irinṣẹ́ tó ń kọ irú fáìlì .tap ti SIMH, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà àtijọ́. Òun máa ń pa gígùn bulọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan mọ́.

Bí àṣìṣe bá dé:

"Cannot allocate memory": bulọ́ọ̀kù tóbi ju 256k lọ. Ẹ yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi bs=1M tún un ṣe.

"Input/output error" ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: ẹ tẹ dmesg, ẹ ka ìlà tó kẹ́yìn. Ìran tí ẹ̀rọ kò mọ̀ tàbí setblk tí kò tọ̀nà ló sábà máa ń fà á. Ẹ ronú kan ẹ̀rọ mìíràn kí ẹ tó pe téèpù lókùú.

"Input/output error" láàárín: ojú téèpù ní ibi tó ti họ tàbí tó ní ìdọ̀tí. Ẹ pa ohun tí ẹ ti rí gbà mọ́, ẹ fọ ojú ẹ̀rọ, ẹ tún un kà sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà mìíràn, ẹ̀rọ kejì irú kan náà á ka ibi tí ti àkọ́kọ́ kò rí kà.

Ìkìlọ̀ tó le jù nínú ìpele yìí: ẹ má ṣe fi conv=noerror,sync kún un bí àwọn èèyàn ti ń ṣe fún háàdì dísìkì. Lórí téèpù, sync á fi odo kún bulọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan títí á fi tó 256k, fáìlì tó bá jáde á wú, kò sì ní ṣeé tú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ sha256sum T001-*.bin > T001.sha256, tó ń ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí téèpù bá wà ní àlàáfíà tí kò sì ké, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì sínú fódà mìíràn, kí ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Bí wọ́n bá dọ́gba, iṣẹ́ téèpù ti parí. Ẹ mú un jáde, ẹ dá a padà sínú páálí rẹ̀. Kò tún ní nǹkan í ṣe mọ́ nínú àwọn ìpele tó kù.

ÌPELE 7: Ẹ MỌ OHUN TÍ Ẹ RÍ GBÀ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì yìí:

file T001-001.bin
hexdump -C T001-001.bin | head -20

Bí ẹ bá rí ustar, tar ni. Ẹ fi tar -tvf wo orúkọ inú rẹ̀ kí ẹ tó tú u. Tar tó dàgbà gan-an kò ní ustar, orúkọ fáìlì lẹ ó rí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 070707, cpio ni, ètò mìíràn tó ń kó fáìlì pọ̀, ẹ lo cpio -itv < T001-001.bin. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TAPE, irú èyí tí NTBackup ti Windows àti Backup Exec ń kọ ni, mtftar sì lè tú púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí báìtì méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1f 8b, wọ́n fi gzip fún un pọ̀. Bí fáìlì àkọ́kọ́ bá kéré, tí VOL1 àti HDR1 wà nínú rẹ̀, ìwé orí téèpù nìyẹn, dátà gan-an wà nínú fáìlì tó tẹ̀ lé e.

Bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ e5 d6 d3 f1 ńkọ́? VOL1 kan náà ni, àmọ́ ní EBCDIC, ìlànà lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá IBM ń lò. Níbẹ̀, f0 dé f9 ni nọ́ńbà 0 dé 9, 40 sì ni àlàfo. Fún ìwé orí yẹn, àti fún dátà tó jẹ́ lẹ́tà nìkan, èyí á tú u sí ohun tó ṣeé kà:

dd if=T001-001.bin of=T001-001.txt conv=ascii cbs=80

80 ni gígùn àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé orí. HDR2 á sọ gígùn ti dátà fún yín. Ẹ ṣọ́ra gidi bí ó bá jẹ́ ìwé owó oṣù. Àwọn ètò tí wọ́n fi COBOL, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́, kọ sábà máa ń di owó pọ̀, nọ́ńbà méjì nínú báìtì kan, tí àmì rẹ̀ wà níkẹyìn: 12,345 á wà níbẹ̀ bíi 12 34 5c, tó bá jẹ́ gbèsè á parí sí 5d. Bí ẹ bá fi conv=ascii yí gbogbo àkọsílẹ̀ náà padà, orúkọ òṣìṣẹ́ á jáde dáadáa, owó wọn á di pàǹtírí. Orúkọ nìkan ni kí ẹ yí, ẹ fi ojú báìtì gan-an ka owó.

Bí kò bá sí èyí tó bá a mu, ẹ padà sí ohun tí wọ́n kọ sára téèpù. Ètò àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ lè ṣì ṣiṣẹ́ nínú Windows àtijọ́ tí ẹ bá gbé sínú VirtualBox, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà kan nínú kọ̀ǹpútà yín. Láti LTO-4 síwájú, ó tún ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tì í. Láìsí kọ́kọ́rọ́ yẹn, kò sí oníṣẹ́ tó lè ṣí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ fáìlì àti ọjọ́ wọn hàn, ọjọ́ náà sì bá èyí tí wọ́n kọ sára téèpù mu.

ÌPELE 8: Ẹ TÚ U, KÍ Ẹ SÌ ṢÍ FÁÌLÌ

Ẹ tú u sínú fódà tó ṣófo, ẹ má tú u gẹ́gẹ́ bíi root, ìyẹn ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Tar àtijọ́ mìíràn ń gbé orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ láti / dání. LibreOffice á ṣí dBase, WordPerfect àti Lotus 1-2-3 àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀. Kí Unicode, ìlànà lẹ́tà tó kárí èdè gbogbo, tó tàn ká, fọ́ǹtì àkànṣe ni ọ̀pọ̀ fi ń tẹ ẹ, ṣ àti ọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò àwọn àmì mìíràn. Bí ẹ bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lónìí, àmì owó, àmì ìbéèrè àti lẹ́tà ilẹ̀ òkèèrè á wà láàárín ọ̀rọ̀. Fáìlì náà kò bàjẹ́. Ẹ má ṣàtúnṣe rẹ̀ lójú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ wá ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde nígbà náà, orin ìjọ tàbí ìwé ìpàdé, ẹ fi wéra, ẹ kọ àmì kọ̀ọ̀kan àti lẹ́tà tó dúró fún, kí ẹ sì fi rọ́pò wọn lórí ẹ̀dà kejì. Àmì kan lè dúró fún ọ nìkan, òmíràn fún ọ pẹ̀lú ohùn rẹ̀, nítorí náà ẹ má kánjú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí fáìlì kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kan láàárín, kan ní ìparí. Bí ó bá jẹ́ ìwé owó, ẹ ro àpapọ̀ rẹ̀, ẹ fi wé bébà tí wọ́n tẹ̀ nígbà náà bó bá ṣì wà.

ÌPELE 9: Ẹ KÓ O LÉ OLÓHUN LỌ́WỌ́

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ fún un: téèpù rẹ̀, àwọn fáìlì .bin bí ẹ ṣe kà wọ́n pẹ̀lú T001.sha256, fáìlì tí ẹ tú, àti ìwé tí ẹ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sí. Kí ẹ̀dà wà lórí dísìkì méjì tí kò sí nínú ilé kan náà. Ẹni tó wà ní Sábó lè fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹbí ní Ìbàdàn. Ẹ fi sha256sum -c T001.sha256 yẹ dísìkì kọ̀ọ̀kan wò níwájú olóhun, kí OK hàn lórí gbogbo ìlà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín rẹ́, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i pé ẹ ti pa á rẹ́.